Kí Ló Ń Mú Tòmátì Ẹ̀yìnkùlé Wa Kan?

Lásìkò òjò ọdún tó kọjá, oníbàárà mi kan dá tòmátì padà fún mi lójú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Ìyá, tòmátì yín kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, omi lásán ló kún inú ẹ̀." Tòmátì tí mo fọwọ́ ara mi gbìn sẹ́yìn ilé l'Ágége ni o, kì í ṣe ti Mile 12! Inú bí mi. Ìgbà tí mo tọ́ ọ wò, òótọ́ ló sọ. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó mọ oko léèrè.

Ṣúgà wà nínú tòmátì, kíkan náà wà ńbẹ̀. Tí méjèèjì bá bára mu la ń sọ pé ó dùn. Tí gbòǹgbò bá mu omi jù, àfi bí ìgbà tí èèyàn bu omi sí ọbẹ̀ tó ti jinná. Ilẹ̀ wa níhìn-ín, yanrìn ló pọ̀ lójú ẹ̀. Òjò Èkó a sì máa fọ ọ̀rá ẹ̀ lọ, pàápàá pòtásíọ̀mù, èròjà tó wà nínú eérú. Òun ló ń ran igi lọ́wọ́ láti gbé ṣúgà láti ara ewé wọ inú èso.

Ẹ wo ti Kadawa ní Kano. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbìn ín, omi odò tí wọ́n sé ní Tiga ni wọ́n ń fà wọ oko, àgbẹ̀ sì lè dín in kù bó bá ṣe fẹ́. Tòmátì yẹn á ki. Ṣùgbọ́n ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ilẹ̀ o: irúgbìn tiwọn yàtọ̀ sí ìbílẹ̀ wa tó ní ìlà-ìlà lára.

Ilẹ̀ Agége kì í kúkú ṣe ilẹ̀ burúkú. Oko kòkó àti obì ló wà ńbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó dé Ikeja, J. K. Coker ní oko kòkó n'Ífàkọ̀. Nísinsìnyí, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ọ́ìlì dúdú àwọn mẹ́káníkì ló pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ fetí sí mi dáadáa níbí yìí. Ibi tí wọ́n bá ti ń tú bátìrì mọ́tò, òjé lè wà nínú ilẹ̀ ẹ̀. Kò ní òórùn, ẹnu ò sì lè tọ́ ọ mọ̀. Tòmátì ibẹ̀ lè dùn, kí eruku òjé sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ti ẹ̀fọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́. Bí ẹ bá ń gbé nítòsí irú ibẹ̀, inú àpò ìrẹsì ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ẹ bu erùpẹ̀ tó mọ́ wá láti ibòmíràn, kí ẹ sì fọ èso dáadáa kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Èmi, mo po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà mọ́ erùpẹ̀, mo bu eérú díẹ̀ sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Eérú tó bá pọ̀ jù ń ba ilẹ̀ jẹ́. Ìgbẹ́ adìyẹ tó bá pọ̀ jù, ewé lásán lẹ máa rí. Nígbà tí èso bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo dín omi kù, mo jẹ́ kó pọ́n lórí igi. Oṣù kìíní ọdún yìí ni mo ká a. Òjò ti dáwọ́ dúró nígbà yẹn, nítorí náà mi ò ní sọ pé eérú nìkan ló ṣe é.

Oníbàárà yẹn tún rà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò dá a padà. Ó kàn ní ó ti wọ́n jù.