Ta ló ń gba owó iná nílé yín?

Ọ̀pọ̀ CV tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi wá iṣẹ́ ló ní gbólóhùn kan náà nínú: "excellent leadership skills". Agbanisíṣẹ́ tó ti ka ogún irú ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ò ní í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó máa bi yín tẹ́ ẹ bá jókòó síwájú ẹ̀ ni pé: ìgbà wo lẹ darí èèyàn, kí lẹ ṣe, kí ló sì tìdí ẹ̀ yọ?

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń pèsì jẹ fún ọ̀pọ̀. Wọ́n á ní àwọn ò ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí, àwọn ò sì jẹ CLO nígbà tí àwọn ń sin ilẹ̀ baba wa. Àbí oyè nìkan ló ń sọni di aṣáájú ni?

Ẹ wo ilé oníyàrá 12 kan ní Mushin tàbí n'Ìbàdàn, tó jẹ́ mítà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò. Ẹnì kan ló ń gba owó iná níbẹ̀. Òun ló ń pín in sí yàrá-yàrá, torí ẹni tó ní fìríìjì ò lè san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní gílóòbù kan. Òun ló ń kan ilẹ̀kùn bàbá tó ní òun ò sí nílé lóṣù tó kọjá. Òun náà ló ń sáré ra yúnìtì kí iná tó já lálẹ́ Sátidé. Kò lágbára láti lé ẹnikẹ́ni jáde, ṣùgbọ́n tówó bá dín, ojú ẹ̀ ni gbogbo wọn máa wò. Ọmọ ọdún 23 tó ṣe èyí fún ọdún kan tílé ò fi dàrú, iṣẹ́ mánéjà ló ṣe yẹn. Síbẹ̀ kò ní í kọ ọ́ sínú CV, torí kò sí sátífíkéètì ńbẹ̀.

Ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì fi iye sí i: yàrá mélòó, oṣù mélòó, ẹ̀ẹ̀melòó niná já. Bákan náà ni CDS tí NYSC ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ kàn ń lọ buwọ́ lùwé ni.

Èyí tó le jù ni ti ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọlúàbí kì í yin ara ẹ̀ níwájú àgbà, la bá ń wolẹ̀ níwájú agbanisíṣẹ́, à ń ní "Ọlọ́run ló ṣe é". Ẹ̀kọ́ yẹn dáa, n ò ní kẹ́ ẹ jù ú nù. Àmọ́ kéèyàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ìgbéraga. "Gbogbo wa la dá owó náà, èmi ni mo ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀." Ó parí. Ẹni tó ń pariwo "èmi, èmi" látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á bi í bóyá òun nìkan ló ń gbélé ọ̀hún.

Tí wọ́n bá wá béèrè nípa bàbá tí kì í fẹ́ sanwó yẹn, ẹ má fo ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ gbọ́: bẹ́ ẹ ṣe bá a sọ̀rọ̀, ohun tẹ́ ẹ ṣe nígbà tó tún kọ̀, àti bóyá iná já lóṣù yẹn.