Ìwé Ìrántí Ọgbà: Ìwúlò Rẹ̀ fún Ètò àti Àbójútó Ọgbà Ẹ̀fọ́ ní Agbègbè Ìbàdàn

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí ìwé ìrántí ọgbà jẹ́, bí a ti ń kọ ọ́, àti èrè tí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń dá ọgbà ẹ̀fọ́ ní agbègbè Ìbàdàn. Ìwé ìrántí ọgbà ni ìwé tí ológbà ń kọ ọjọ́ tí ó gbin nǹkan sí, ibi tí ó gbìn ín sí, bí òjò ti rọ̀ sí i, àti ohun tí ó rí ká níbẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé àwọn baba wa kò kọ ìwé kankan kí iṣu àti ẹ̀fọ́ tó yè lóko wọn. Òótọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n a ó fi hàn pé àìkọ̀wé wọn kì í ṣe àìní àkọsílẹ̀, àti pé ohun tí wọ́n fi ń rántí nǹkan ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

2.0 Ìrántí láìsí ìwé

Àgbẹ̀ Yorùbá ní oríṣìíríṣìí àmì tí ó fi ń mọ ìgbà. Òjò àkọ́rọ̀ jẹ́ àmì. Wíwọ́ ewé àràbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ àmì. Ọdún ìbílẹ̀ tí ìlú ń ṣe jẹ́ àmì. Ọdún tí ohun ńlá kan ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ àti ti igi kòkó. Bákan náà, àwọn olóúnjẹ a máa fa ilà sára ògiri kí wọ́n má baà gbàgbé iye tí oníbàárà jẹ wọ́n. Nítorí náà, èrò pé kí a fi àmì pa nǹkan mọ́ kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Àwọn àgbà tilẹ̀ sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀la yóò yàtọ̀ sí òní ni ó yẹ kí ó mọ bí òní ti rí gan-an.

Àléébù àmì wọ̀nyí ni pé wọ́n ń sọ ìgbà, wọn kì í sọ iye, wọn kì í sì í sọ ebè tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, inú ọkàn ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Ẹni tí ó kọ iṣẹ́ yìí jogún ìgò irúgbìn mẹ́rin lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ irúgbìn ilá tí ó máa ń so títí wọ inú ọ̀gbẹlẹ̀, tí gbogbo ilé mọ̀ mọ́ ọwọ́ ìyá náà. Òun fúnra rẹ̀ mọ ìgò kọ̀ọ̀kan bí ó bá ti rí i; kò sí ẹni tí ó bi í léèrè nígbà tí ó wà láàyè. Nígbà tí a gbin irúgbìn náà lẹ́yìn tí ó kú, ìgò méjì kò hù rárá, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ilá hù nínú ìgò kẹta, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilá tí a ń wá. Ilá yẹn ti bọ́ mọ́ ìdílé náà lọ́wọ́. Bébà pélébé kan lára ìgò, tí a kọ orúkọ àti ọdún sí, ni ìbá gbà á là.

3.0 Àpẹẹrẹ méjì láti òkè òkun

Àwọn méjì kan wà tí ìwé ìrántí ọgbà wọn ti di ohun àyẹ̀wò fún àwọn onímọ̀. Èkíní ni Gilbert White, àlùfáà ìjọ ní abúlé Selborne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1751 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ọgbà rẹ̀, ó sì kọ ọ́ fún nǹkan bí 20 ọdún. Nínú rẹ̀ ni ó ń kọ iye ẹrù ìgbẹ́ ẹran tí ó kó sábẹ́ ebè tí ó fẹ́ kí ó móoru, àti ọjọ́ tí ó gbin irúgbìn sí i. Láti 1768 títí di 1793 tí ó kú, ó tún ń kọ ìwé mìíràn nípa ojú ọjọ́, ẹyẹ àti ewéko. Ìwé yìí wà lára ìpìlẹ̀ ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde nípa Selborne ní 1789.

Èkejì ni Thomas Jefferson, tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1801. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà tí ó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sínú ìwé ọgbà rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà, 1766. Ohun tí ó kọ kò ju pé òdòdó kan ti bẹ̀rẹ̀ sí tanná. Ó kọ ọ́ títí di 1824, ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀. Ohun tí ó wúlò jù fún wa nínú ìwé náà ni pé kò fi àṣìṣe pamọ́: bí irúgbìn bá kùnà, ó kọ ọ́ pé ó kùnà. Ṣùgbọ́n a níláti sọ èyí pẹ̀lú, pé àwọn ẹrú, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àti àtọmọdọ́mọ wọn, ni ó gbẹ́ ilẹ̀ ọgbà Monticello, tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Ilá, oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà, wà lára ohun tí wọ́n gbìn níbẹ̀. Ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́ ni a ń rántí jù. Ìmọ̀ ẹni tí ó di ọkọ́ mú kò wọ inú ìwé tó bí ó ti yẹ. Èyí gan-an jẹ́ ìdí kan tí ó fi yẹ kí ológbà máa kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

4.0 Ohun tí ó yẹ kí a kọ

4.1 Àwòrán ilẹ̀. Ojú ewé kìíní ni kí a ya ọgbà sí, kí ebè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí kò gbọdọ̀ yí padà láti ọdún dé ọdún. Bí ó bá yí padà, gbogbo ohun tí a ti kọ yóò dàrú.

4.2 Ọjọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni ó ṣe kókó fún irúgbìn kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí a gbìn ín, ọjọ́ tí ó hù, ọjọ́ tí a ṣí i nípò bí ó bá jẹ́ irú ohun bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ká a, àti ọjọ́ tí ó tán. A ó fi ibi tí irúgbìn náà ti wá àti ọdún tí a ká a kún un.

4.3 Òjò. Òjò Ìbàdàn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ẹrẹ́nà tàbí Igbe, ó ń pọ̀ ní Òkúdù, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Ògún, ó tún ń pọ̀ ní Ọwẹ́wẹ̀, kí ó tó lọ ní òpin Ọ̀wàrà tàbí Bélú. Ṣùgbọ́n ọdún kan kì í bá èkejì dọ́gba. Agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, tí a gbé sí gbangba, àti rúlà kan, ti tó láti wọn òjò. Mìlímítà 1 òjò dọ́gba pẹ̀lú lítà omi 1 lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 1 lóròó àti mítà 1 níbùú. Bí ebè bá gùn ní mítà 10, tí ó fẹ̀ ní mítà 1.2, òjò mìlímítà 25 ti bu lítà 300 sí i, èyí tí í ṣe garawa onílítà 10 lọ́nà 30. Ẹni tí ó mọ èyí yóò mọ ọjọ́ tí kò yẹ kí ó pọnmi rárá.

4.4 Àdánù. Kòkòrò, àrùn, ewúrẹ́ tí ó já wọlé: gbogbo rẹ̀ ni kí a kọ. Ìwé tí kò ní nǹkan kan nínú ju ìkórè dáradára lọ, ìwé ìyìn ni, kì í ṣe ìwé ìrántí.

5.0 Ohun tí ìwé ń fi hàn

Ẹ jẹ́ kí a wo ewédú. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ológbà tí ó gbìn ín bẹ́ẹ̀, tí díẹ̀ sì hù, lè dá ẹni tí ó tà á fún un lẹ́bi. Bí ó bá kọ ọ́ pé ebè 2 ni ó gbin èyí tí kò fọwọ́ kàn, pé ebè 3 ni ó gbin èyí tí ó dì sínú aṣọ, tí ó tì bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò rí ìdáhùn. Ìwé náà yóò tún fi hàn án pé ewédú tí a gbìn ní ìparí ọdún a máa tètè tanná, ewé rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Gígùn ojúmọmọ ni ó fà á. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ojúmọmọ Òkúdù àti ti Ọ̀pẹ ní Ìbàdàn kò tó wákàtí 1, ojú wa kò lè rí i, ṣùgbọ́n ewédú mọ̀ ọ́n.

Àpẹẹrẹ kejì ni tòmátì. Ìdílé kan náà ni tòmátì àti ata, àrùn kan náà sì lè bá wọn jà láti inú ilẹ̀. Ológbà tí tòmátì rẹ̀ rọ lójijì lè sọ pé òjò ni ó pa á. Ìgbà tí ó bá ṣí ìwé rẹ̀, tí ó rí i pé ebè 4 ni ó ti rọ lẹ́ẹ̀mejì, tí ti ebè 6 sì yè lábẹ́ òjò kan náà, ni yóò mọ̀ pé inú ilẹ̀ ni ọ̀ràn wà, yóò sì fi àgbàdo sí ebè náà.

Ìwúlò kẹta ni ti ètò. Bí ìwé bá ti fi hàn pé tòmátì wa ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 ní ibi tí a kọ́kọ́ gbìn ín sí àti ọ̀sẹ̀ 10 lẹ́yìn tí a ṣí i nípò, a lè kà sẹ́yìn. Ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ká tòmátì ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀pẹ níláti gbìn ín ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún. Bákan náà, bí tẹ̀tẹ̀ bá ń tó fà tu ní ọjọ́ 35, èyí tí a gbìn ní ọjọ́ 1 oṣù Igbe yóò tó ní ọjọ́ 6 oṣù Ẹ̀bìbí; bí a bá sì ń gbin òmíràn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ̀fọ́ kò ní wọ́n nínú ilé.

6.0 Ìṣòro

Ohun tí ó ń pa ìwé bẹ́ẹ̀ jù ni àṣejù. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ewé mẹ́ta lójúmọ́ yóò dákẹ́ kí òjò tó ó dá. Ìlà kan lójúmọ́ iṣẹ́ ti tó. Ìṣòro kejì ni pé ọdún kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Ó kéré tán, ọdún mẹ́ta ni kí a fi wé ara wọn kí a tó sọ pé báyìí ni nǹkan rí. Ní ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, ọmọ ilé lè máa kọ ọ́ fún un. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ náà yóò gbọ́ ohun tí kò ní gbọ́ bí kò bá sí kíkọ.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìwé ìrántí ọgbà kì í ṣe àṣà àjèjì tí a gbé ka orí iṣẹ́ àwọn baba wa. Àmì ara ògiri ni, tí a fún ní ọjọ́ àti nọ́ńbà. Kò lè rọ òjò, kò sì lè lé kòkòrò. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó má jẹ̀ẹ́ kí a ṣi àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìmọ̀ ẹni tí ó ti lọ sì má baà bá a lọ. Nínú ilé olúkúlùkù wa, ó ṣeé ṣe kí àgbà kan wà tí ó mọ irúgbìn nípa wíwò. Ìgbà tí ó wà láàyè yìí ni ó yẹ kí a mú ìwé lọ bá a.