Wáìnì Ọ̀pẹ̀-Òyìnbó: Ìgbà Wo Ni Ó Tó Rọ Sínú Ìgò?

Ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ni ó ti mọ bí a ti ń fi ọ̀pẹ̀-òyìnbó ṣe wáìnì: ẹ ti fún omi èso náà, ẹ ti fi ṣúgà àti ìwúkàrà sí i, ó sì wà nínú ṣágo níbi tí ó ti ń hó. (Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí láàyè lè ṣí ojú ewé kejì.) Iṣẹ́ tí ó kù ni ó gba sùúrù jù. Ẹmu kì í dúró de ọ̀la. Èyí tí a dá láàárọ̀ yóò ti kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ti wáìnì yàtọ̀, nítorí oṣù tí ó bá lò nínú ìgò ni ó ń sọ ọ́ di ohun tí a lè gbé síwájú àlejò.

Ẹ má ṣe kánjú dé ìgò. Ìwúkàrà a máa jẹ ṣúgà, a sì máa sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ṣúgà bá ṣẹ́ kù, afẹ́fẹ́ yóò máa jáde. Nínú ṣágo, ó rí ọ̀nà lọ. Nínú ìgò tí a dé pinpin, kò rí. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ lè bú gbàmù ní ọ̀gànjọ́ òru, kí àfọ́kù rẹ̀ fò kiri yàrá. Bí ọmọ tí ń rákò bá wà nínú ilé yín, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ọtí tí ó ṣòfò.

Báwo ni ẹ ó ti mọ̀ pé híhó ti parí? N kò fara mọ́ àṣà àwọn tí ń ka ọjọ́, pé ó ti di ọjọ́ 21, ó ti tó. Ẹ jẹ́ kí ó tòrò títí ẹ ó fi lè ka ìwé ìròyìn láti òdì kejì ṣágo. Ẹ fi okùn rọ́bà mímọ́ fà á sínú ṣágo mìíràn, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kù sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ na rọ́bà tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ lọ́jọ́ ọdún bo ẹnu ṣágo, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3. Bí ó bá wú, ẹ tún dúró. Ẹni tí ó bá ní háídírómítà ní ẹ̀rí tí ó dájú jù: kí iye tí ó kà má yí padà fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ó má sì tó 1.000. Gbogbo rẹ̀ sábà máa ń gbà tó oṣù 3.

Ṣágo lítà 4.5 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò 6 tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 75. Ìgò aláwọ̀ ewé sàn ju funfun lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ a máa ba adùn ọtí jẹ́. Ní àwọn ọdún 1860 ni Louis Pasteur, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń ba wáìnì jẹ́. Nítorí náà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìgò, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ gbé e sínú omi tútù lórí iná, kí ó sì hó fún ìṣẹ́jú 10. Ìgò tí ó ti gba kẹrosíìnì rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jù ú nù.

Bí ẹ bá ń rọ ọ́, kí ẹnu okùn rọ́bà kan ìsàlẹ̀ ìgò, kí ọtí má baà ta sókè. Afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ́ kí wáìnì di ọtí kíkan. Ẹ fi àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ lábẹ́ kọ́ọ̀kì. Ẹ rọ díẹ̀ sínú ìgò oníke kan pẹ̀lú, kí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá le bí òkúta, ẹ fi aṣọ tí ó nípọn wé àwọn ìgò yòókù, ẹ ṣí wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì dá ọtí náà padà sí ṣágo. Bí ọkọ yín bá fẹ́ràn ọtí dídùn, inú ife ni kí ó ti gba ṣúgà.

Ẹ jẹ́ kí ìgò dúró fún ọjọ́ 3, kí ẹ tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí kọ́ọ̀kì má baà gbẹ. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Abẹ́ ibùsùn nínú yàrá tí oòrùn ọ̀sán kì í wọ̀ dára. Ilé ìdáná àti òkè àjà lábẹ́ páànù kò dára rárá. Ooru ilẹ̀ wa a máa mú kí wáìnì tètè gbó, nítorí náà ẹ mu ún tán láàrin ọdún kan.

Ẹ ṣí ìgò kan ní oṣù 3, yóò ṣì máa ta ahọ́n díẹ̀. Ẹ ṣí òmíràn ní oṣù 6, kí ẹ fi wé ti àkọ́kọ́. Aláboyún àti ọmọdé kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Bí àlejò bá ń bọ̀, ẹ gbé ìgò náà dìde láti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó bá wà nínú rẹ̀ lè jókòó sísàlẹ̀.