Ọwọ́ Ta Ni Ọmọ Wà?

Láyé àtijọ́, bí ìyá bá ń mú ọmọ ọdún méjì lọ sí òde, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà ń wà. Bí àwọn ará ilé tí wọ́n jọ ń lọ tilẹ̀ tó ogún, kò sí ẹni tí yóò bèèrè pé ọmọ dà, nítorí gbogbo wọn ló mọ ibi tí ó wà. Lóde òní, bí ọdún bá dé, tí olùkọ́ kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí oníṣòwò sì ti ìsọ̀ rẹ̀, ọgbà ìgbafẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó àwọn ọmọ lọ. Níbẹ̀, ọmọ ọdún méjì kì í gbà kí a pọn òun. Ó rí ilẹ̀ gbalasa, ó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń sáré, òun náà yóò ní kí a sọ òun kalẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ ni ìbéèrè dé: ọwọ́ ta ni ọmọ wà? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí sọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtijáde fàájì lọ́dún tí ń bọ̀.

Ọgbà Agodi nílùú Ìbàdàn ni èmi àti àwọn ará ilé mi lọ ní ọjọ́ kejì ọdún Iléyá. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ ibẹ̀; kò jìnnà sí Sẹkiteríàtì ìjọba. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀ fún igi àti ẹranko. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó wó ilé, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì gbá àwọn ẹranko inú ọgbà náà lọ. Ó pẹ́ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún ibẹ̀ ṣe. Ọdún 2014 ni wọ́n tún ṣí i. Igi ńláńlá wà níbẹ̀ tí ń ṣíji bo ènìyàn, adágún omi wà, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wà, ẹranko wà, ibi ìṣeré àwọn ọmọdé náà sì wà.

Àgbà mẹ́rin ni wá, ọmọ mẹ́ta: èmi, ìyàwó mi, ìyá ìyàwó mi, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àti àwọn ọmọ wa. Àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì ni. Kí a tó kúrò nílé, ìyàwó mi, tí ó ń ta aṣọ lọ́jà, ṣe òfin kan fún wa. Ó ní, “Ní ìsọ̀ mi, owó kì í wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Bí mo bá fẹ́ jáde, mo máa ń ka owó lé ẹni tó kù lọ́wọ́ ni, òun náà á sì dáhùn pé òun ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe ọmọ yìí lónìí.” Láti ìgbà náà, ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò wí pé, “Ẹ gbà á o.” Ẹni tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ dáhùn pé, “Mo ti gbà á.” Bí kò bá tíì dáhùn, ọmọ kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Àbúrò ìyàwó mi kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú ọjọ́ náà, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni a débẹ̀, nítorí pé ọ̀sán ni ọmọ kékeré máa ń sùn, bí oorun bá sì ń kùn ún, kò sí eré tí yóò dùn mọ́ ọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì gun jangilọ́fà, wọ́n sì wọ ọkọ̀ kékeré tí ń yí po. Nígbà tí mo fẹ́ gbé àbíkẹ́yìn sínú ọkọ̀ náà, ó di ọrùn mi mú, ó fi igbe ta. Mo gbé e kúrò. Àwọn òbí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ipá so ọmọ mọ́ àga nítorí wọ́n ti sanwó. Ọmọ ń ké, wọ́n ń ya á ní fọ́tò. Kí ni ọmọ náà jẹ nínú owó yẹn?

Ohun tí ó dùn mọ́ tiwa jù kò gba kọ́bọ̀. Ó rí àwọn èèrà tí wọ́n ń wọ́ èérún pọfúpọ́ọ̀fù lọ sí ihò wọn. Ó lóṣòó tì wọ́n, ó ń wò wọ́n fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sì sí ẹni tó kánjú rẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ọ̀bọ, ó nawọ́ sí i, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá!” Orúkọ tí ó ń pe àbúrò ìyàwó mi nílé nìyẹn. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí agogo méjìlá lù, èrò ti pọ̀ bí eṣú. A ń padà lọ sí ibi tí a tẹ́ ẹní wa sí nígbà tí ìyá ìyàwó mi dúró, tí wọ́n ní, “Ọmọ ta nìyí?” Ọmọbìnrin kan ni, kò lè ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ó wọ léèsì aláwọ̀ ìyeyè, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún rárá. Ó kọjú sí ọ̀nà omi, ó ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. A kò gbé e lọ sí ibòmíràn, nítorí pé ọmọ kékeré kì í rìn jìnnà, àwọn tí ń wá a kò sì lè ṣàì gba ibẹ̀ kọjá. Mo rán àbúrò ìyàwó mi sí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó sáré dé, àgbà mẹ́jọ. Ìyá ọmọ wólẹ̀, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí ara rọ̀ wọ́n tán ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ìyá ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni òun rò pé ó wà. Ìyá àgbà ní ọwọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni àwọn ti rí i kẹ́yìn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ní bàbá ló rán òun lọ gbé omi. Bàbá ní àbúrò òun ló ń ya ọmọ náà ní fọ́tò. Àbúrò ní òun yà á tán, òun sì sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín gbogbo wọn. Ìyá ìyàwó mi dá wọn lẹ́kun, wọ́n ní, “Ẹ má bá ara yín jà. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú yín. Ẹ̀yin mẹ́jọ lẹ jọ ń ṣọ́ ọ. Ohun tó jẹ́ kó sọnù nìyẹn.”

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá pọ̀ lọ́jà, tí olúkúlùkù ń retí pé ẹnìkejì ni yóò tún un ṣe, orí ọmọ á wọ́ lójú gbogbo wọn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2021, bí 300,000 ènìyàn ni omi pa káàkiri ayé, àti pé nínú mẹ́rin wọn, bí ẹnì kan ni kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ọmọdé tó bá bọ́ sómi kì í sábà pariwo, nítorí pé ẹni tí omi bo ẹnu rẹ̀ kò lè ké. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Kò sì dìgbà tí omi bá jìn. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì pàápàá lè pa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Nítorí náà, èkíní, ẹ jẹ́ kí ọmọ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo nígbà gbogbo, kí ẹ sì máa fi ẹnu gbà á lọ́wọ́ ara yín. Èkejì, bí ẹ bá wà nítòsí omi, ẹni náà gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọmọ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tó o, kí ó sì fi fóònù sápò. Ẹ̀kẹta, ẹ wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ hàn sí ọmọ lára, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú ìwé kékeré sí àpò rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bí ọmọ bá sọnù, ibi tí omi wà ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré dé, kí ẹ tó wá a síbòmíràn.

Agogo kan ni a kúrò níbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ń kùn pé eré kò tíì tó, ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn ti sùn lọ fọnfọn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn ilé yín lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gba ọmọ. Ọlọ́run yóò máa bá wa ṣọ́ wọn.