Ìtọ́jú Ìpénpéjú Wíwú Nínú Ilé
Bí etí ìpénpéjú bá ń pọ́n, tí ó ń yún ni, tí ipin sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lóròòwúrọ̀, ọ̀rá tí ó dì níbẹ̀ a máa wà nínú ohun tí ó fà á. Àwa kò ṣèlérí pé yóò lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ojoojúmọ́ a máa kápá rẹ̀.

Ẹ wẹ ọwọ́; ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ojú tí ẹ pa dé fún ìṣẹ́jú 5 sí 10; ẹ rọra fi ìka ra ìpénpéjú, kí ẹ sì nu ipin kúrò. Bí ara bá tù yín, ẹ má ṣe dáwọ́ dúró.

Ẹ yẹra fún tìróò. Bí ìríran bá ṣe bàìbàì, ẹ tọ oníṣègùn lọ láìjáfara.