Ṣé Kọ̀ǹpútà Inú Ilé Lè Sọ Ọmọ Di Awakọ̀ Òfuurufú?

Tí ọmọ bá jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ó ń wa ọkọ̀ òfuurufú tí a kò lè fọwọ́ kàn, ìbéèrè òbí ni pé: ṣé eré lásán ni, àbí ẹ̀kọ́? Ní tèmi, ẹ̀kọ́ lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni ẹ̀rọ tí ń ṣe bí ọkọ̀ òfuurufú ti wà. Edwin Link, ọmọ ẹni tí ó ń ṣe dùùrù ní Binghamton, ìpínlẹ̀ New York, ló ṣe tirẹ̀ ní 1929. Ẹwìrì tí ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú dùùrù ló fi ń mi àpótí tí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí. Àwọn ológun Amẹ́ríkà kò kà á sí, àfi ní 1934, nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ gbígbé lẹ́tà lójú òfuurufú, tí àwọn awakọ̀ wọn sì ń kú nínú kùrukùru nítorí pé wọn kò mọ bí a ṣe ń wo aago iwájú wọn nìkan wa ọkọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó ra ti Link.

Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni ti inú ilé lè ṣe. Flight Simulator ti Microsoft ti wà láti 1982. X-Plane náà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ bí a ṣe ń ka aago ìyára àti ti gíga, kí ó sì máa tún àyẹ̀wò ṣáájú ìgbéra ṣe títí yóò fi mọ́ ọn lára. Yóò mọ̀ pé 04 tí a kọ sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ Àbújá dúró fún ìwọ̀n 40 lórí kọ́ńpáàsì, àti pé 22 ti òdìkejì jẹ́ 220. Ó lè fò lọ sí Kàdúná, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ́tò rìn ní 2017 nígbà tí wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó lè fi ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, kí ó wá ilẹ̀ bà. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ lójijì, kò sẹ́ni tí yóò kú. Owó epo àti ti olùkọ́ ni à ń san fún wákàtí kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ gidi. Ẹni tí ó ti mọ ètò iṣẹ́ náà láti ilé kò ní fi wákàtí olówó ńlá ṣe ìbéèrè bọ́tìnì.

Ṣùgbọ́n àga ilé kì í fò sókè nínú atẹ́gùn. Bákan náà, ẹni tí ó dá kọ́ ọ máa ń tẹjú mọ́ aago, kò ní wo ìta, olùkọ́ yóò sì ní láti fọwọ́ bo aago náà kí ojú rẹ̀ tó kúrò níbẹ̀. Ìlànà àjọ ICAO ni wákàtí 40 fún ìwé-àṣẹ awakọ̀ aládàáni, 5 péré nínú rẹ̀ ló sì lè jẹ́ ti ẹ̀rọ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ti iyàrá yín kò sí nínú 5 náà. Ti awakọ̀ tí ń gba owó iṣẹ́ jẹ́ 200, tàbí 150 nílé-ẹ̀kọ́ tí a fọwọ́ sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ilé-ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe ti ìjọba àpapọ̀ ní Sáríà tí ó ti wà láti 1964, ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà tí àjọ NCAA yàn, kí ó yẹ ojú, etí àti ọkàn rẹ̀ wò. Kọ̀ǹpútà kì í béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.