Ariwo Ojú Ọ̀run

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ. Ohun ìyanu tòní, ojú ọ̀run ló wà.

Àwọn òkú ìràwọ̀ kan wà tó ń pòyì, àwọn mìíràn nínú wọn lọ́pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìró rédíò wọn sì ń kan ayé létòlétò. Pulsar lorúkọ wọn. Jocelyn Bell ló kọ́kọ́ rí ọ̀kan, ní Cambridge, lọ́dún 1967.

Ẹ ṣáà mọ àwọn ọdẹ àdúgbò tó ń fi irin lu òpó iná lóru bí aago bá ti lù; bẹ́ẹ̀ ni àwọn pulsar rí. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá pẹ́, oorun ló gbé e lọ. Bí gbogbo wọn bá jọ pẹ́, aago ọwọ́ yín ló ń sáré. Bí àwọn apá kan bá yá, tí àwọn òdìkejì pẹ́, a jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ti sún kúrò níbi tí ẹ rò pé ẹ wà.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe eré o. Lọ́dún 1991, onímọ̀ ìràwọ̀ Andrew Lyne àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ibùdó ìwòràwọ̀ Jodrell Bank kéde pé pílánẹ́ẹ̀tì kan ń yí pulsar kan ká lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Kò sí pílánẹ́ẹ̀tì kankan! Ìrìn ayé tiwa yìí yípo oòrùn ni wọn ò yọ kúrò dáadáa nínú ìṣirò. Ní oṣù kìíní 1992, Lyne dìde láàárín àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Atlanta, ó ní àwọn ṣì í. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà ì bá pàtẹ́wọ́.

Àwọn ihò òkùnkùn ràgàjì tó ń yí ara wọn ká máa ń rán ìgbì òòfà (gravitational waves) jáde, àmì tirẹ̀ lórí àkókò ìró àwọn pulsar sì yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hellings àti Downs ṣírò rẹ̀ lọ́dún 1983: àwọn pulsar tó bára wọn gbé ìtòsí á jọ yá, á jọ pẹ́, àwọn tó fẹ̀gbẹ́ síra á ta kora díẹ̀, àwọn tó wà ní òdìkejì ọ̀run á tún fohùn ṣọ̀kan díẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìgbì náà lọ́ra, ó ń gba ọdún púpọ̀, pulsar fúnra rẹ̀ sì máa ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Gáàsì ojú ọ̀nà náà ń mú kí ìró pẹ́. Ariwo ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láti mọ̀ lọ́tọ̀.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní NANOGrav fi ṣọ́ pulsar 67. Nígbà tí àmì yọ, ṣé wọ́n fò sókè? Rárá. Wọ́n purọ́ fún kọ̀ǹpútà! Wọ́n da ipò àwọn pulsar rú lójú ọ̀run, wọ́n tún ìṣirò ṣe léraléra, kí wọ́n lè mọ iye ìgbà tí ariwo lásán á fi tan àwọn jẹ. Ó tó bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ará Yúróòpù, Ọsirélíà àti Ṣáínà, ẹ̀rí ni wọ́n pè é. Wọn ò pè é ní àwárí.